Dídí Ẹnu Ààrò Ẹja: Láti Chorkor dé Libreville

Ààrò ẹja ni ohun èlò tí a fi ń gbẹ ẹja pẹ̀lú ooru àti èéfín kí ó má baà tètè bàjẹ́. Ní etíkun Áfíríkà, láti Senegal títí dé Gàbọ́n, òun ni ó wà láàárín ọkọ̀ ojú omi tí apẹja fi gúnlẹ̀ àti ọjà tí a ti ń ta ẹja. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé: iná wà nísàlẹ̀, ẹja wà lókè, ooru ń gòkè. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ooru kì í gba ọ̀nà tí a là fún un nìkan. Bí ó bá rí àlàfo, yóò gba ibẹ̀ jáde. Àlàfo yìí lè wà ní etí ilẹ̀kùn, ní ẹnu àgbá, tàbí láàárín atẹ kan àti èkejì. Ìtàn bí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ àti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ṣe wá ọ̀nà láti dí i ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé.

Ohun tí àlàfo ń ná ènìyàn

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ. Bí ó ti ń gòkè nínú ààrò ni ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ìsàlẹ̀, fífà yìí gan-an sì ni ó ń gbé èéfín gba àárín ẹja kọjá. Bí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ tútù yóò gba ibẹ̀ wọlé láì kọjá lára iná. Ẹja tó wà nítòsí àlàfo yóò wà ní tútù nígbà tí èyí tó wà láàárín ti ń jóná. Ẹni tó ń yan án yóò wá ní láti ṣí ààrò léraléra kí ó lè yí ẹja padà, kí ó sì pààrọ̀ ipò wọn. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí i, ooru ń lọ, èéfín sì ń rọ́ lu ojú àti imú rẹ̀.

Nítorí náà àlàfo tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ lè gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ń jẹ igi ìdáná, ó ń jẹ àkókò, ó sì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó tún ń ba ọjà jẹ́, nítorí pé ẹja tí inú rẹ̀ kò gbẹ dáadáa ni ìdin àti kòkòrò ń tètè wọ̀, ojú rẹ̀ sì ti lè dára lọ́jọ́ tí a rà á.

Ọ̀rọ̀ pé kí a dí ẹnu iná kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1904 ni C. V. Bellamy tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn tí ń yọ́ irin ní abúlé Ola-Igbi. Nínú irú ìléru tí kò lo ẹwìrì, tí ó jẹ́ pé fífà ooru nìkan ni ó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, a máa ń ki ọ̀pá oníhò tí a fi amọ̀ ṣe sí ìsàlẹ̀, a ó sì fi amọ̀ tútù dí gbogbo àyè tó kù yí wọn ká. Afẹ́fẹ́ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà àyàfi inú ọ̀pá náà. Bí irin bá ti yọ́ tán, a ó fọ́ amọ̀ náà, a ó sì fi òmíràn dí i nígbà tí a bá tún fẹ́ dáná.

Amọ̀ lè ṣe èyí fún ìléru nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ṣí i. Ti ààrò ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. A ní láti ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹja ẹyọ kan tó gbẹ. Ohun tí a ń wá, nígbà náà, ni ohun ìdíhò tí yóò mọ́ ẹnu ààrò pinpin, tí yóò gba ooru mọ́ra, tí ẹni kan tàbí méjì yóò sì lè ṣí láì ba á jẹ́. Ìṣòro yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe ilẹ̀kùn fún ààrò ńláńlá ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kojú.

Ilẹ̀kùn Altona àti ti Torry

Altona jẹ́ ìlú kan létí odò Elbe ní Jámánì, tí ó ti di apá kan ìlú Hamburg. Ibẹ̀ ni orúkọ ààrò kan ti wá tí àwọn onímọ̀ nípa ẹja mọ̀ káàkiri ayé. Ààrò Altona dà bí kọ́bọ́ọ̀dù gíga: iná wà nísàlẹ̀, a to atẹ ẹja lérí ara wọn nínú rẹ̀, èéfín ń gba òkè jáde, ilẹ̀kùn irin sì wà níwájú tí a ó tì bí a bá ti kó ẹja sínú rẹ̀ tán.

Ní Skọ́tíláǹdì, ilé ìwádìí Torry tó wà ní Aberdeen lọ síwájú sí i ní ìparí àwọn ọdún 1930. Charles Cutting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ààrò kan tí ó jẹ́ pé fáànù ni ó ń ti èéfín, tí a sì ń fi kẹ̀kẹ́ kéékèèké ti ẹja wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn wá di pàtàkì jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú ààrò tí fáànù ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń rìn pẹ̀lú agbára, bí ilẹ̀kùn kò bá sì mọ́ férémù rẹ̀ dáadáa, èéfín yóò ya kúrò lójú ọ̀nà tí a là fún un, ẹja kò sì ní gbẹ dọ́gba. Látìgbà náà títí di òní, àwọn tó ń ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ máa ń fi ohun rírọ̀ kan yí etí rẹ̀ ká, wọn a sì fi ìdè tó ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra tì í. Fún ìgbà pípẹ́, okùn asbestos ni wọ́n ń lò fún ààrò tó gbóná gan-an, kí ó tó hàn gbangba pé eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dè é pátápátá ní 2005. Okùn tí a fi fọ́nrán gíláàsì hun, àti rọ́bà silicone fún ààrò tí ooru rẹ̀ kò pọ̀ jù, ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí irú ààrò onílẹ̀kùn yìí dé etíkun Áfíríkà, ó bá ìṣòro pàdé. Irin ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Ilẹ̀kùn irin tó ga ní mítà 2, tí ooru rẹ̀ sì fi 100°C ju ti ìta lọ, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 2.4. Bí apá inú bá gbóná ju apá ìta lọ, ilẹ̀kùn yóò tẹ̀, igun rẹ̀ yóò sì yà kúrò lára férémù. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń mú kí ìpẹta tètè jẹ ìdè ilẹ̀kùn. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ti tẹ̀ ní láti wá ẹni tó ń jó irin pọ̀, kí ó sì sanwó fún un. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó ààrò náà wọ́n fún obìnrin tí ń ra ẹja lójúmọ́ tí ó sì ń tà lójúmọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn náà. A ṣe é fún ilé-iṣẹ́ tó ní òrùlé, tó sì ní owó àtúnṣe ni.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti ṣe ààrò tó bá ilẹ̀ mu. Ilé ìwádìí nípa òkun tó wà ní Victoria Island ní Èkó, tí a mọ̀ sí NIOMR, àti èyí tó wà ní New Bussa létí adágún Kainji, ti gbé oríṣiríṣi jáde. Orúkọ Magbon-Alade, abúlé kan létí òkun Èkó, ni ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n Gánà ni èyí tó tàn kálẹ̀ jù lọ ti jáde.

Ààrò tí kò ní ilẹ̀kùn lókè

Chorkor jẹ́ àdúgbò apẹja létí òkun Accra. Ààrò àtijọ́ tí wọ́n ń lò ní irú etíkun bẹ́ẹ̀ rí roboto. Amọ̀ ni a fi mọ àwọn kan, àwọn mìíràn sì jẹ́ àgbá epo tí a gé orí rẹ̀ kúrò. A ó to ọ̀pá lé ẹnu rẹ̀, a ó tẹ́ àwọ̀n irin lé ọ̀pá, a ó sì to ẹja lé àwọ̀n. Páànù tàbí ohun mìíràn tó bá wà nítòsí ni a fi ń bò ó. Èéfín ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ jáde. Àwọ̀n kan tàbí méjì péré ni iná náà lè gbọ́ tirẹ̀, ẹni tó ń yan ẹja yóò sì máa fi ọwọ́ yí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú iná.

Ní nǹkan bí 1969 sí 1971, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ilé ìwádìí nípa oúnjẹ ti Gánà ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ní Chorkor láti tún ààrò yìí ṣe. Ohun tó jáde kò ní ilẹ̀kùn irin rárá. Ògiri amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀. Ògiri kan pín inú rẹ̀ sí méjì, ẹnu méjì tí a ti ń ki igi bọná sì wà níwájú. Orí ààrò náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Atẹ ni a fi ń dí i.

Atẹ náà ni ọpọlọ ààrò Chorkor. Igi ni a fi ṣe férémù rẹ̀, àwọ̀n irin ni a kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo atẹ ni ó dọ́gba, bí a bá sì gbé ọ̀kan lé èkejì, igi á jókòó lé igi yíká. Wọ́n lè tò tó 15 lérí ara wọn nígbà kan náà, atẹ kọ̀ọ̀kan sì lè gba ẹja tó tó kílò 18. Bí wọ́n bá ti to wọn tán, àwọn férémù náà ti di ògiri fúnra wọn. Wọ́n ti di ihò gíga kan tí èéfín gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá láti atẹ ìsàlẹ̀ dé tòkè. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni a ó fi bo atẹ tó wà lókè pátápátá.

Ẹni tó bá fi èyí wé ilẹ̀kùn Torry yóò rí i pé ìṣòro kan náà ni a yanjú ní ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra. Ní Aberdeen, ohun ìdíhò jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tí a so mọ́ etí ilẹ̀kùn. Ní Chorkor, ohun tó gbé ẹja dání náà ni ó ń dí ihò, ìwúwo ẹja fúnra rẹ̀ sì ni ó ń tẹ atẹ mọ́ra wọn bí ìdè ṣe ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Igi kì í gùn bí irin bí ó bá gbóná, ooru kì í sì í tètè kọjá nínú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ lè di etí atẹ mú kí ó gbé e kúrò. Obìnrin méjì ni yóò gbé atẹ ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí wọn yóò sì mú ti òkè wá sísàlẹ̀. Kò sí pé à ń fi ọwọ́ yí ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú iná mọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú kíkọ́ rẹ̀ tí ènìyàn lè fojú kéré. Férémù atẹ gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín gbùngbùn orí ògiri. Bí ó bá yọ sínú, iná yóò mú un. Bí ó bá yọ síta jù, àlàfo yóò ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ògiri àti ti atẹ fi gbọ́dọ̀ bára mu, tí birikilà àti káfíńtà fi gbọ́dọ̀ jọ sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Igi tútù kò dára fún férémù, nítorí yóò lọ́ bí ó bá gbẹ, férémù kan ṣoṣo tó bá lọ́ sì ti tó láti jẹ́ kí ooru gbogbo atẹ tó wà lókè rẹ̀ máa jò.

Orúkọ àdúgbò ni ààrò yìí ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ onímọ̀-ẹ̀rọ kan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iye wákàtí tí ẹja nílò, tó mọ ibi tí iná ti ń jóni, àti bí atẹ ṣe lè wúwo tó kí ó tó di pé apá kò ká a, ni àwọn obìnrin tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn.

Láti Cotonou dé Libreville

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, UNICEF gbé ààrò Chorkor lárugẹ, ó sì tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde nípa bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ní 1983, FAO dá ètò ìdàgbàsókè ẹja pípa oníwọ̀nba sílẹ̀ ní Cotonou, pẹ̀lú owó láti Denmark. Ètò náà kárí orílẹ̀-èdè 20 láti Mauritania dé Angola, Gàbọ́n sì wà nínú wọn. Ọ̀nà tí ìmọ̀ nípa ààrò gbà rìn nìyẹn lójú ìwé. Ọ̀nà mìíràn ti wà tipẹ́ ṣáájú rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja fúnra wọn.

Libreville wà ní ẹnu odò Komo, níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti pàdé. Irú ibẹ̀ ni ẹja tí Faransé ń pè ní ethmalose, èyí tó jọ ṣáwá ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, ti ń pọ̀. Àwọn tó ń pa á jù lọ kì í ṣe ọmọ Gàbọ́n. Láti Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà ni wọ́n ti wá, àwọn Ìlàjẹ wà lára wọn, àwọn ìyàwó àti ẹbí wọn sì ni wọ́n ń yan ẹja náà. Ẹja yìí ní ọ̀rá púpọ̀, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru ilẹ̀ náà. Bí a kò bá tà á ní tútù lọ́jọ́ kan náà, ààrò ni ó kàn.

Igi ìdáná níbẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Èyí tó sún mọ́ apẹja jù ni àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn ń yọ sókè nínú irà. Igi wọ̀nyí ń jó pẹ́, èéfín wọn sì ń fún ẹja ní àwọ̀ tí àwọn oníbàárà fẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ gbòǹgbò wọn náà ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Ní 2002, ìjọba Gàbọ́n sọ Akanda, tó wà ní àríwá Libreville, àti Pongara, tó wà ní òdìkejì odò, di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, irà púpọ̀ sì wà nínú àwọn méjèèjì. Ààrò tí èéfín rẹ̀ ń jò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ nílò igi púpọ̀ fún ẹja kan náà, ohun tí àlàfo ń ná ènìyàn sì wá di ohun tó ń ná irà àti ẹja inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àgbá epo tí a gé ṣì jẹ́ ààrò ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì létí òkun káàkiri agbègbè náà. Àwọn kan a máa sọ pé àìmọ̀ ló fà á. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 1978, lẹ́yìn ìjà ọ̀rọ̀ láàárín Ààrẹ Kérékou ti Benin àti Ààrẹ Bongo ti Gàbọ́n níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum, ìjọba Gàbọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ Benin kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè kó ju ohun tí ọwọ́ gbé lọ. Ààrò Chorkor jẹ́ ògiri, kò ṣeé gbé. Àgbá ṣeé yí lọ. Ẹni tí ilẹ̀ tó ń lò kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n sì lè ní kí ó kúrò níbẹ̀ lọ́la, kò ní fi owó rẹ̀ mọ ògiri kí ó tó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni atẹ onígi tí a ṣe ní ìwọ̀n ẹnu ohun tó ní lọ́wọ́, nítorí atẹ ṣeé kó sọ́kọ̀.

Èéfín tí a kò fẹ́

Dídí àlàfo mú ìṣòro tuntun kan wá sójú. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sórí iná, ó ń jó, èéfín rẹ̀ sì ń gbé àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tí benzo(a)pyrene jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, padà sára ẹja. Nínú ààrò tí kò jò, èéfín yìí kò rí ibòmíràn lọ. Láti oṣù kẹsàn-án 2014, ìwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà láàyè nínú ẹja tí a fi èéfín gbẹ jẹ́ máíkírógíráàmù 2 nínú kílò kan. Tẹ́lẹ̀, 5 ni. Ọjà àwọn ará Áfíríkà tó wà ní London, Paris àti Brussels kì í ṣe kékeré fún àwọn oníṣòwò ẹja gbígbẹ, òfin yìí sì kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Ìdáhùn FAO ni ọgbọ́n tí a mọ̀ sí FTT-Thiaroye, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ẹja pípa tó wà ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Wọn kò da Chorkor nù. Wọ́n fi nǹkan kún un ni: ìkòkò iná tí ẹ̀yinná nìkan ń wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹja bá wà lókè, páànù tó ń gba ọ̀rá kí ó má baà kán sórí iná, àti ibi ọ̀tọ̀ tí èéfín ti ń wá lẹ́yìn tí ẹja bá ti jinná. Ooru àti èéfín, tí wọ́n ti jọ ń rìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, di ohun méjì tí a ń darí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Irú ìdarí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe nínú ààrò tó ń jò. Èéfín tí a fi ìṣọ́ra ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan yóò bá àlàfo lọ, afẹ́fẹ́ tó bá sì rọ́ wọlé yóò sọ ẹ̀yinná di ọwọ́ iná padà. Owó FTT ju ti Chorkor lọ, ó sì dára jù fún ẹgbẹ́ obìnrin tó ní ibùdó àjọlò ju fún ẹnì kan ṣoṣo lọ. Àwọn atẹ tí a ń tò sínú rẹ̀ ṣì ni férémù onígi àti àwọ̀n irin tí káfíńtà ń kàn, wọn a sì máa wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.